Àwòrán Ẹranko Ìgbẹ́ àti Ìtàn Tó Yẹ Kó Bá A Rìn

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìrìn-àjò, ẹ̀yin tí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn yín, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí a ṣe ń pín àwòrán àti ìrántí ìrìn-àjò wa fún ara wa, pàápàá jù lọ èyí tó jẹ mọ́ ẹranko ìgbẹ́ tí a bá pàdé. N kò ní í kọ́ yín bí a ṣe ń ya àwòrán, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n yà jù mí lọ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: àwòrán ẹranko tí kò ní ìtàn lẹ́yìn kò tí ì di ìrántí, kò sì tí ì di ẹ̀rí, bó ti wù kó rẹwà tó. Ìtàn tí mo ń wí náà kò le. Kí a sọ ibi tí a ti rí ẹranko náà, ìgbà tí a rí i, ohun tó ń ṣe nígbà tí a rí i, àti ohun tó ṣe nígbà tí òun náà rí wa.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é báyìí. Ẹnì kan lọ sí ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, tàbí kó gba Tanzania lọ sí Serengeti, ó sì kó àwòrán rẹpẹtẹ bọ̀ lórí fóònù. Kó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ó ti fi ogún nínú wọn ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp. Ẹbí dáhùn pé "Ó mà dára o!", wọ́n ní "Ẹ kú ìgbádùn!", ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bó bá di ọdún kejì, tí ọmọ kékeré kan bá béèrè pé níbo ni erin yìí wà, tí ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń fi imú wá nínú ilẹ̀, ẹni tó ya àwòrán gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ohun tí a kò sọ lẹ́nu, tí a kò sì kọ sílẹ̀, kì í pẹ́ lọ́kàn ẹni. Ẹ̀rọ pàápàá ń dá kún un. Bí a bá gbà á láàyè, fóònù máa ń fi ọjọ́, wákàtí àti ibi tí a ti ya àwòrán pa mọ́ sínú àwòrán náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àwòrán, bí gbogbo wa ti ń ṣe, gbogbo ìyẹn á já bọ́ lójú ọ̀nà. Erin tí kò nílùú, tí kò lọ́jọ́, ni yóò dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Bí ẹlòmíràn bá wá gbà á, tó sì sọ pé ẹ̀yìn ìlú wa ni wọ́n ti rí i lánàá, kò sí ohun tí a óò fi já a nírọ́.

Àwọn baba wa kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń ròyìn ẹranko. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá pé jọ, tí wọ́n ń sun ìjálá, tí wọ́n wá dé orí erin, wọn a ní ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí í fa ọ̀pẹ tu ni, pé bó bá ṣe pé ọwọ́ méjì ló ní ni, ì bá fa ọ̀run ya bí aṣọ. Àbùmọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì dúró wo erin rí kò lè dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti rí i pé imú erin ni ọwọ́ rẹ̀; ó ti rí i pé erin a máa bá ọ̀pẹ jà; ó sì ti rí ihò tí gbòǹgbò ọ̀pẹ fi sílẹ̀ nígbà tí erin fà á tu. Bó bá kan ẹfọ̀n, wọn a ní ikú tí í mú ọmọ ènìyàn gun igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Ìrírí ọjọ́ kan ló wà nínú ìyẹn, bóyá ti ọdẹ tó sọ ọ́, bóyá ti ẹnì kejì rẹ̀ tí kò padà wálé. Ẹfọ̀n tí a bá ṣe léṣe tí kò kú a máa ṣẹ́rí padà wá ẹni tó ṣe é, ẹni tí ẹfọ̀n bá sì ń lé kò ní àyè àti yan igi. Nínú gbólóhùn kan péré, ẹ ti mọ ìwà ẹranko náà, ẹ ti mọ ewu tó wà lára rẹ̀, ẹ sì ti mọ bí àyà ọdẹ ti já tó.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn nínú àṣà àwọn ọdẹ yìí. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣì í sọ, tó fi ìwà ẹtu ròyìn àgbọ̀nrín, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó kì í dákẹ́. Wọn a dá a dúró lójú agbo, wọn a tún un ṣe, nítorí gbogbo wọn ló ti wọ igbó kan náà. Òwe wa ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Láàárín àwọn ọdẹ, ẹni tó bá sọ pé òun rí erin gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ débi tí àwọn yòókù yóò fi gbà pé òótọ́ ni.

Ọ̀dọ̀ ọdẹ náà ni àwòrán ẹranko ìgbẹ́ ti ṣẹ̀ wá, bí ẹ bá wò ó dáadáa. George Shiras, ará Amẹ́ríkà, ọdẹ ni kó tó di oníkámẹ́rà. Ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lóru, á tan iná síwájú ọkọ̀, á sì rọra wà á lọ sí etí omi níbi tí àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn ti ń jẹ; nígbà tí ẹranko bá gbójú sókè wo iná, dípò kó yìnbọn, ó tan iná kámẹ́rà. Ní oṣù Keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn àwòrán rẹ̀ jáde, ẹnu sì ya àwọn òǹkàwé, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ẹranko ní òru rí. Ó tún máa ń na okùn tín-ín-rín kọjá ojú ọ̀nà ẹranko, kí ẹranko náà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀.

Okùn yẹn ni baba ńlá àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi nínú igbó lónìí. Ní orí àwọn òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn òṣìṣẹ́ Wildlife Conservation Society, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, so irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mọ́ igi, wọ́n sì gbé àwòrán ibẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Àwòrán ìnàkí ńlá ni, irú gòrílà tó jẹ́ pé ààlà Nàìjíríà àti Cameroon nìkan ló wà ní gbogbo ayé, tí iye rẹ̀ tó kù kò sì ju nǹkan bí 300 lọ. Ohun tó mú kí àwòrán náà dùn mọ́ni nínú tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wà láàárín wọn, àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá, àwọn kan sì ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Nítorí pé a mọ òkè tí wọ́n ti yà á, tí a sì mọ ìgbà tí wọ́n yà á, àwòrán yẹn fi hàn pé àwọn ẹranko tí ayé ti ń rò pé wọ́n ń parí lọ ṣì ń bímọ. Bí wọ́n bá fi òfìfo gbé e jáde ni, ìnàkí tó pọ̀n ọmọ lásán ni ì bá jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Yankari, nítorí ibẹ̀ ni ojú èmi náà ti là sí ọ̀rọ̀ yìí. Igbó náà fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin, láti ọdún 1962 sì ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún àlejò. Omi Wikki tó ń sun lábẹ́ àpáta níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bíi 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìbáà jẹ́ òru ọ̀yẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti lọ, nígbà tí koríko ti lọ sílẹ̀, tí omi inú igbó ti gbẹ, tí ó sì di dandan kí ẹranko sọ̀ kalẹ̀ wá sí odò Gaji. Àwọn bàbúùnù, ọ̀bọ ńlá tí ẹnu wọn gùn bí ti ajá, kò tilẹ̀ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n wà ní ibùdó àlejò tọ̀sán-tòru, wọ́n mọ ìró ọ̀rá búrẹ́dì, ẹni tó bá sì fi fèrèsé yàrá sílẹ̀ yóò bá wọn nídìí ẹrù rẹ̀.

Mo ní àwòrán erin kan láti etí odò náà. Bí mo bá gbé e hàn yín, ẹ óò rí nǹkan ràgàjì kan tó ní àwọ̀ eérú, igi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àti ekuru. Bó ti rí nìyí. Awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ sì gbé ọwọ́ sókè kí a lè dákẹ́. Erin náà, abo ni, ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí erùpẹ̀ fi rọ̀, ó fi imú kó o, ó sì dà á sẹ́yìn ara rẹ̀. Erùpẹ̀ yẹn ni í bá a lé eṣinṣin, òun náà ni í bo awọ ara rẹ̀ kí oòrùn má bàa jó o. Ó ṣe é léraléra láìkánjú. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí padà, ó gbọ́ òórùn wa, ó dúró sójú kan, ó sì na etí méjèèjì síta. Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ náà rọra sọ fún wa pé kí a wo etí òsì. Ìsàlẹ̀ etí náà ya, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé ègé kan jáde lára rẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn, pé gbogbo erin ló ní bí etí tirẹ̀ ti rí, ibi tó ya àti ibi tó lu, kò sì sí méjì tó bára mu. Ọmọ erin kan yọ láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ látìgbà tí a ti dúró. Ìyá yí ara rẹ̀ dí wa lójú, wọ́n sì lọ.

Kò sí èyí kankan nínú àwòrán. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀, etí tó ya sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Nígbà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mo sì fi í sábẹ́ àwòrán, ó di pé ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn mi lè wo etí erin tí òun bá rí, kó sì mọ̀ bóyá òun kan náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn arìnrìn-àjò pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n rí. Kò pọn dandan kó dùn, kò pọn dandan kó gùn. Kó ṣáà jẹ́ òótọ́.

Ìrántí tí mo ń sọ kì í sì í ṣe ti ẹni tó rin ọ̀nà jíjìn nìkan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n yà lọ́jọ́ ọdún. Àwọn obìnrin wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n dúró níwájú ìsọ̀ ẹran. Lórí páànù ìsọ̀ náà lẹ́yìn wọn, igún bà lé e lọ́tùn-ún lósì. Oníkámẹ́rà kò torí igún yà á, àwọn obìnrin náà kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí mo béèrè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní alápatà a máa ju ìfun sílẹ̀ fún wọn, ọmọdé a máa lé wọn káàkiri, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọn a kó ara wọn lọ sí orí àràbà tó wà lẹ́yìn ọjà. Ẹ lọ sí ọjà ẹran lónìí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kí ẹ gbójú sókè. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN tó ń ṣe ìwádìí nípa ẹranko tó ń parun gbé igún ọjà wa yìí sí ìpele tó burú jù lọ kí ẹranko tó tán nínú igbó. Májèlé wà lára ohun tó ń pa wọ́n, àwọn tó ń fi wọ́n ṣe oògùn náà sì wà níbẹ̀, láìka ohun tí àwọn àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀ sí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ Orí. Mo gbà pé àwòrán ọjọ́ ọdún yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ àwòrán kìnnìún tí mo ti rí lọ. Ẹ tú àpótí àwòrán ìdílé yín wò. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn inú rẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn tó ṣì wà láyé ohun tí wọ́n rántí, kí wọ́n tó lọ.

Àwọn kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí létòlétò. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis tó wà ní Jos lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ tó ń fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà hàn, tí wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí ìpín kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyẹ, ì báà jẹ́ olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, yóò yan ìpín kan, yóò lo ó kéré tán wákàtí méjì níbẹ̀, yóò sì kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹyẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣe pàtàkì nínú àkọsílẹ̀ yẹn bí èyí tó ṣọ̀wọ́n, nítorí ìgbà kan wà tí igún náà wọ́pọ̀.

Mo ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a sọ ibi tí a ti rí ẹranko. Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó le jù, nítorí ibi tí a sọ lè pa ẹranko náà. Ní South Africa, àwọn ọgbà ẹranko kan ti gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà pé kí àlejò pa ìsọfúnni ibùdó lórí fóònù wọn bí wọ́n bá fẹ́ ya àgbáńréré, ẹranko oníwo-imú, nítorí pé àwọn apẹran lè tọ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá a. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Erin ṣì wà nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin inú igbó kìjikìji, tó kéré sí ti Yankari, tí etí rẹ̀ rí róbótó, tí eyín rẹ̀ sì na tààrà sí ìsàlẹ̀. Ọdún 2021 ni IUCN kọ́kọ́ kà á sí ọ̀tọ̀ gédégbé sí erin ilẹ̀ ọ̀dàn, wọ́n sì gbé e sí ìpele kan náà tí igún wà. Bí ẹ bá ní oríire láti rí i, tàbí kí ẹ tilẹ̀ rí ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ pátá fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú igbó náà. Fún gbogbo ayé, ó tó kí ẹ sọ pé igbó Omo ni, kí ẹ má sì dárúkọ odò, ipa ọ̀nà àti wákàtí. iNaturalist, níbi tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń gbé àwòrán ohun abẹ̀mí sí, ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹranko bá wà nínú ewu, wọ́n á fi ojúlé tí a ti rí i pa mọ́, wọ́n á sì fi agbègbè ńlá kan hàn dípò rẹ̀. Ìtàn náà kò pàdánù ohun kan. Ohun tí erin ń ṣe àti bó ti wò yín ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn àwòrán kan wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú wọn pátápátá. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ti gbé ẹranko ìgbẹ́ lọ́wọ́, tí a ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti rí àkíkà rí lójú títì, ẹranko tí ìpẹ́ bò lára, tí í ká ara rẹ̀ jọ róbótó bí ẹ̀rù bá ti bà á. Àwọn tó ń tà á a máa gbé e sókè fún ọkọ̀ tó ń kọjá, àwọn èrò a sọ̀ kalẹ̀, wọn a yà á, wọn a tún bá a yà á. Ẹ̀rù ló ká a jọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, fòfin de títa gbogbo oríṣi mẹ́jọ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, síbẹ̀ àwòrán ẹ̀rín yẹn ń sọ fún ẹni tó bá rí i pé ohun tó ṣeé rà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bọ tí wọ́n so okùn mọ́ nídìí nílé oúnjẹ. Èkejì ni ti oúnjẹ tí a ń jù sílẹ̀ kí ẹranko lè sún mọ́ kámẹ́rà. Bàbúùnù tó ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni oúnjẹ wà yóò máa já a gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ọjọ́ tó bá sì ge ọmọ náà jẹ, òun ni wọn yóò yìnbọn fún.

Mo fẹ́ sọ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ àti afinimọ̀nà kí n tó jókòó. Àwọn ló mọ erin nípa etí, àwọn ló mọ ibi tí ẹfọ̀n sùn sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àlejò ti ya àwòrán lójú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn kò sì rí ẹyọ kan gbà nínú rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ọjọ́ àti àlàyé, kí ẹ sì béèrè orúkọ tí àwọn ará àdúgbò náà ń pe ẹranko ọ̀hún. Ní ọgbà Ọ̀yọ́ Àtijọ́, níbi tí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú igbó, àwọn abúlé wà ní àyíká tí àwọn ọdẹ àgbà inú wọn mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbé àwòrán yín lọ bá wọn, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó, nítorí wọn yóò sọ ohun tí ẹ kò rí nínú rẹ̀.

Ó kù sọ́wọ́ yín báyìí, ẹ̀yin tí ẹ mú àwòrán wá. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan ṣoṣo jáde, èyí tí ó bá fẹ́ràn jù, kó sì jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹranko náà ń ṣe kí a tó rí i lára ògiri. Bí ẹni tó jókòó nítòsí bá ti dé ibẹ̀ rí, tó sì ní ohun tó fẹ́ tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbà á láàyè kó sọ ọ́. Ẹ ṣeun, ẹ kú àfẹ́tísí.